Ta Ni Yóò Gba Ẹnu Òkú Sọ̀rọ̀?

Ní ilẹ̀ Igbómìnà, láti Ọ̀rà dé Òkè-Ìlá àti Ìlá-Ọ̀ràngún, ìtàn àdá tí a ń pè ní Ogbó kì í ṣe àjèjì. Àwọn àgbà a máa sọ pé nígbà tí Ajagunńlá ń ti Ilé-Ifẹ̀ bọ̀, àdá yìí ni ó mú lọ́wọ́, òun ni ó sì ń la igbó níwájú rẹ̀ títí tí ó fi rí ilẹ̀ tí yóò tẹ̀dó sí. Láti inú gbólóhùn pé Ogbó mọ ọ̀nà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń fa orúkọ Igbómìnà yọ. Nígbà tí ó yá, ìdílé ọba pín sí méjì ní Ìlá-Yàrà. Àwọn kan lọ sí ibi tí Ìlá-Ọ̀ràngún wà lónìí, àwọn kan sì gba Òkè-Ìlá lọ. Ọ̀ràngún wà ní ìlú kìíní, Ọ̀ràngún sì wà ní ìlú kejì. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń sọ ìtàn náà ní Ìlá ní láti rántí pé etí wà ní Òkè-Ìlá. Ẹni tí ó bá sì ń sọ ọ́ ní Òkè-Ìlá ní láti rántí pé Ìlá kò jìnnà. Ní Ọ̀rà pàápàá, níbi tí Akẹsin ti ń jọba, àwọn tí ó mọ ìtàn ìlú wọn kò ní jókòó kí aládùúgbò máa bá wọn sọ ọ́ ní ìsọkúsọ.

Ìdí tí mo fi bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ náà fi ohun kan hàn tí a kì í sábàá kíyè sí: ìtàn arìnrìn-àjò a máa ní ẹni tí ó ni ín. Arìnrìn-àjò náà ti kú, ṣùgbọ́n ó fi àwọn tí ó lè dìde nínú àwùjọ kí wọ́n wí pé "kò rí bẹ́ẹ̀" sílẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí irú àwọn bẹ́ẹ̀ bá wà, asọ̀tàn yóò máa ṣọ́ ẹnu rẹ̀. Ó lè dùn ún mọ́ àwọn ènìyàn létí, ó lè fi ẹwà kún un, ṣùgbọ́n ó mọ ibi tí odi ìlú wà. Ọ̀rọ̀ a wá di mìíràn nígbà tí arìnrìn-àjò kò bá fi ìlú sílẹ̀, tí kò fi ìdílé tí a mọ̀ sílẹ̀, tí kò sì sí ibojì tí a lè nawọ́ sí pé tirẹ̀ nìyí. Bí òǹkọ̀wé kan bá mú irú òkú bẹ́ẹ̀, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀, ta ni yóò bá a wí? Ẹ̀tọ́ wo ni ó tilẹ̀ ní láti ṣe bẹ́ẹ̀? Ìbéèrè tí mo fẹ́ gbé yẹ̀wò nìyí.

Ẹni tí ó mú ìbéèrè náà wá sí mi lọ́kàn ni ọkùnrin tí ayé mọ̀ sí Leo Africanus. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ni al-Hasan, ọmọ Muhammad al-Wazzan. Granada ni a ti bí i, ní ìlú àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ Sípéènì, ní nǹkan bí ọdún díẹ̀ kí ìlú náà tó bọ́ sọ́wọ́ ọba àti ayaba Kírísítẹ́nì ní ọdún 1492, tàbí kété lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ẹbí rẹ̀ kó lọ sí Fez ní ilẹ̀ Mòrókò. Ibẹ̀ ni ó ti kẹ́kọ̀ọ́, ibẹ̀ ni ó sì ti di ikọ̀ ọba. Ó ń bá ẹ̀gbọ́n òbí rẹ̀ kan rìn nígbà tí ó ṣì wà ní ọ̀dọ́. Wọ́n la aṣálẹ̀ já dé Timbuktu, ní àkókò tí Askia Muhammad ń ṣe olórí ilẹ̀ Songhai. Nígbà tí ó ń gba orí òkun padà sílé ní ọdún 1518, àwọn ọlọ́ṣà Kírísítẹ́nì mú un, wọ́n sì gbé e lọ sí Róòmù, wọ́n fi ta Póòpù Leo Kẹwàá lọ́rẹ. Wọ́n tì í mọ́lé. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1520, Póòpù fúnra rẹ̀ rì í bọmi, ó sì fún un ní orúkọ tirẹ̀. Ọmọ al-Wazzan wá ń jẹ́ Giovanni Leone.

Ní ilẹ̀ Ítálì yìí, láàárín àwọn ọ̀mọ̀wé tí wọ́n ń wá ìwé àtijọ́ kiri bí ẹni ń wa wúrà, ni ó ti kọ ìwé ńlá nípa ilẹ̀ Áfíríkà. Ó parí rẹ̀ ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 1526. Ní ọdún 1527 àwọn ọmọ ogun fọ́ Róòmù, wọ́n sì kó o. Láti ìgbà náà ni ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń parẹ́. Àwọn onímọ̀ gbà pé ó padà sí Àríwá Áfíríkà, ṣùgbọ́n ọjọ́ ikú rẹ̀ kò hàn sí ẹnikẹ́ni. Ní ọdún 1550, Giovanni Battista Ramusio tẹ ìwé náà jáde ní Venice lẹ́yìn tí ó ti fi ọwọ́ tirẹ̀ tún un ṣe níhìn-ín àti lọ́hùn-ún. Fún ọgọ́rùn-ún ọdún mẹ́ta ó lé, ojú ìwé yìí ni àwọn ará Yúróòpù fi ń wo inú ilẹ̀ Áfíríkà. Nígbà tí wọ́n rí ìwé àfọwọ́kọ kan ní Róòmù ní ọdún 1931 ni ó wá hàn kedere pé ohun tí a ń kà láti ọjọ́ yìí wá kì í ṣe ohùn ọkùnrin náà gan-an ní gbogbo ibi.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí èyí. Kí òǹkọ̀wé ìtàn-àròsọ kankan tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àwọn mìíràn ti kọ́kọ́ gba ẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀. Póòpù ti fún un ní orúkọ, atẹ̀wé sì ti bá a tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ tò. Òun fúnra rẹ̀ mọ̀ pé òun ń gbé láàárín ẹ̀gbẹ́ méjì. Nínú ìwé rẹ̀ ó pa àlọ́ ẹyẹ kan tí ó lè gbé inú omi bí ó ti lè gbé ojú sánmà. Nígbà tí ọba àwọn ẹyẹ wá gba owó orí, ó bọ́ sínú omi, ó ní ẹja ni òun. Nígbà tí ọba àwọn ẹja dé, ó fò padà sókè, ó ní ẹyẹ ni òun. Bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin náà sọ pé òun yóò ṣe: bí a bá ń bú ará Áfíríkà, òun yóò ní Granada ni wọ́n bí òun sí, bí a bá sì ń bú ará Granada, òun yóò ní Áfíríkà ni wọ́n ti tọ́ òun. Yorùbá tí ó bá gbọ́ àlọ́ yìí yóò rántí àdán lójú ẹsẹ̀, àdán tí kò ṣe eku, tí kò ṣe ẹyẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwa bá ń pe ènìyàn ní àdán, ẹ̀gàn ni. Lójú ọkùnrin yìí, ọgbọ́n tí ẹrú fi ń yè ni.

Ní ọdún 1986, Amin Maalouf, ọmọ ilẹ̀ Lẹ́bánónì tí ó ń gbé Paris, kọ ìwé ìtàn-àròsọ kan ní èdè Faransé tí ó pè ní Léon l'Africain. Ó pín in sí apá mẹ́rin gẹ́gẹ́ bí ìlú mẹ́rin: Granada, Fez, Kairo àti Róòmù. Hasan fúnra rẹ̀ ni ó ń sọ ìtàn náà fún ọmọ rẹ̀. "Mo rí, mo ṣe, mo sunkún" ni ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nínú ìwé tí Hasan tòótọ́ kọ, ó dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ aya àti ọmọ. Nínú ìwé Maalouf, ó ní aya, ó ní olólùfẹ́, ó ní ọmọ tí ó ń bá sọ̀rọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà ni Hiba, ẹrúbìnrin tí a fi ta á lọ́rẹ.

N kò ní fi igbá kan bọ ọ̀kan nínú: ìwé náà dára. Ó mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò ní fọwọ́ kan ìwé ìtàn láéláé mọ bí ó ti rí kí ìlú ẹni bọ́ lọ́wọ́ ẹni, kí a sì di àjèjì ní ẹ̀ẹ̀kejì àti ní ẹ̀ẹ̀kẹta. Ìdí tí ó fi dára kò sì fara sin. Maalouf fúnra rẹ̀ ni ó sá kúrò ní Beirut ní ọdún 1976 nígbà tí ogun abẹ́lé ń jó ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Ó mọ ohun tí ó ń sọ. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro wà. Nígbà tí Hasan inú ìwé náà bá sọ pé òun kì í ṣe ti ìlú kan tàbí ti ẹ̀yà kan, ta ni a ń gbọ́ ohùn rẹ̀? Ṣé ikọ̀ ọba Fez tí ó gbé ayé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún sẹ́yìn ni, tàbí ọmọ Lẹ́bánónì tí ó jókòó ní Paris tí ọkàn rẹ̀ ń gbọgbẹ́? Bí ó bá jẹ́ èkejì ni, a jẹ́ pé òkú ti di agbọ̀n tí alààyè fi ń ru ẹrù tirẹ̀.

Yorùbá ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀. Ìtàn wà, àlọ́ wà. Ẹni tí ó fẹ́ pa àlọ́ ní láti kan ilẹ̀kùn kí ó tó wọlé: yóò ké pe àwọn olùgbọ́, wọn yóò dá a lóhùn, gbogbo ènìyàn yóò sì mọ̀ pé ibi tí ìjàpá ti ń sọ̀rọ̀ ni a ń lọ. Bí ó bá parí, yóò fi agogo ẹnu rẹ̀ búra, gbogbo wa yóò sì rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tí a tàn jẹ. Ìtàn kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá ń pìtàn kì í ké, kì í kọrin; ó ń jẹ́rìí ni, a sì lè fi ẹ̀rí rẹ̀ gba ilẹ̀ tàbí fi oyè jẹ. Ìwé ìtàn-àròsọ tí a gbé ka orí ẹni tí ó gbé ayé rí wá dà bí àdán láàárín méjèèjì. Ó mú orúkọ, ọdún àti ìlú láti inú ìtàn. Ó mú ọ̀rọ̀ ẹnu àti èrò ọkàn láti inú àlọ́. Kò sì kan ilẹ̀kùn. Olùkàwé a pa ìwé dé, a sì gbàgbé ibi tí omi pin sí àti ibi tí afẹ́fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn kan yóò sọ pé kí òǹkọ̀wé yéé ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀. N kò gbà pẹ̀lú wọn, nítorí pé àṣà wa gan-an kò kọ̀ kí alààyè gba ẹnu òkú sọ̀rọ̀. Nígbà tí egúngún bá jáde, ará ọ̀run ni ó wá kí wa. Ohùn rẹ̀ yàtọ̀, ìrìn rẹ̀ yàtọ̀, ó ń súre, ó ń báni wí. Ohun tí ó wà lábẹ́ agọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a ń sọ ní gbangba, kò sì sí ẹni tí ó ka ìdákẹ́ náà sí irọ́ pípa. Ìlú nílò kí òkú sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí ọ̀rọ̀ wà tí alààyè kò lè fi ojú ara rẹ̀ sọ. Òǹkọ̀wé tí ó kọ "mo" ní orúkọ ẹni tí ó ti kú, ó gbé agọ̀ bojú ni. Ìyẹn nìkan kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀.

Àmọ́ ṣá o, egúngún ní òfin. Ìdílé ni ó ni agọ̀. Ẹnikẹ́ni kò lè lọ gbé aṣọ ìdílé ẹlòmíràn wọ̀ kí ó wá máa ké oríkì wọn bí ó ti wù ú. Bí ó bá ṣi oríkì kì, ìyá àgbà kan tí ó jókòó sí ẹ̀bá ògiri yóò sọ ọ́. Òmìnira eégún pọ̀, ṣùgbọ́n ó ń ṣe é lójú àwọn tí ó mọ òkú náà ni. Ohun tí ó sọ ọ̀rọ̀ Hasan di ẹlẹgẹ́ nìyẹn: kò sí ìyá àgbà ní ẹ̀bá ògiri. Nítorí náà, ojúṣe tí ó yẹ kí ó jẹ́ ti ìdílé wá di ti òǹkọ̀wé àti ti olùkàwé. Ẹni tí kò ní ẹbí ni gbogbo ayé ní láti ṣe ẹbí fún.

Kí a má bàa rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ará òkèèrè nìkan ni èyí, ẹ jẹ́ kí a padà wálé. Ní ọdún 1970 ni eré onítàn Akínwùmí Ìṣọ̀lá tí a pè ní Ẹfúnṣetán Aníwúrà jáde. Gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ni ó mọ̀ ọ́n. Wọ́n kà á ní ilé-ìwé, wọ́n sì ṣe é lórí ìtàgé. Nínú eré náà, Ìyálóde Ìbàdàn jẹ́ ìkà paraku. Ó pa ẹrúbìnrin tí ó lóyún. Látòósà àti àwọn ìjòyè gbógun tì í. Ó gbé májèlé jẹ. Bí ẹ bá ṣí ìwé Samuel Johnson tí a tẹ̀ ní ọdún 1921, ẹ óò rí i pé Johnson náà kò fi ìwà ìkà Ìyálóde sí àwọn ẹrú pamọ́. Ṣùgbọ́n ó sọ nǹkan mìíràn pẹ̀lú. Ó sọ pé ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí ó bí ni ó kú sí orí ìkúnlẹ̀ ní ọdún 1860, àti pé láti ìgbà náà ni ọkàn rẹ̀ ti yí padà. Ó sọ pé nígbà tí Látòósà yọ ọ́ lóyè ní ọdún 1874, ẹ̀sùn tí ó kà sí i lẹ́sẹ̀ ni pé kò bá òun lọ sójú ogun, kò fi oúnjẹ àti ohun ìjà ránṣẹ́, kò sì wá pàdé òun ní ẹ̀yìn odi. Ọ̀rọ̀ ẹrú kò sí nínú ẹ̀sùn náà. Ó sì sọ pé wọ́n ran àwọn ẹrú rẹ̀ sí i, wọ́n pa á lóru nínú yàrá rẹ̀.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín obìnrin tí ó gbé májèlé jẹ nígbà tí ìwà ìkà rẹ̀ kún, àti obìnrin tí àwọn alágbára pa lóru nítorí pé kò fara mọ́ ogun wọn, kì í ṣe ìyàtọ̀ kékeré. Onímọ̀ ìtàn Bọ́láńlé Awẹ́ kọ̀wé nípa Ẹfúnṣetán láti fi apá kejì hàn: oníṣòwò ńlá, olórí àwọn obìnrin, ẹni tí ó lè wo Ààrẹ lójú. Síbẹ̀, bí ẹ bá dúró ní ìgboro Ìbàdàn lónìí tí ẹ béèrè ẹni tí Ẹfúnṣetán jẹ́, inú eré Ìṣọ̀lá ni ọ̀pọ̀ yóò ti mú ìdáhùn wá. Kì í ṣe ẹ̀bi eré náà pé ó dára. Ewu tí ó wà nínú iṣẹ́ dáadáa nìyẹn: àwòrán ọ̀mọ̀wé kì í lè lé àwòrán òṣèré kúrò lọ́kàn ènìyàn. Àgbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Bí Ẹfúnṣetán, tí ó ní ìlú, tí ó ní òpìtàn, bá lè pàdánù ẹjọ́ rẹ̀ báyìí, kí ni a ó wí nípa ẹni tí kò ní ẹnìkan?

Láti inú àpẹẹrẹ méjèèjì, mo rò pé a lè fi ìlà sí ibì kan. Ibi tí òkú ti dákẹ́, òǹkọ̀wé lè sọ̀rọ̀. Ibi tí ẹ̀rí bá wà, kò yẹ kí ó yí i po láìjẹ́ kí a mọ̀. Nígbà tí Maalouf fún Hasan ní ọmọ, ó kọ́lé sí orí ilẹ̀ òfìfo ni. Kò lé ẹnìkan kúrò níbẹ̀. Ẹni tí ó bá yí ikú tí òpìtàn jẹ́rìí sí padà di ikú mìíràn, ilé ti wà lórí ilẹ̀ tirẹ̀ kí ó tó dé. Natalie Zemon Davis, onímọ̀ ìtàn tí ó tẹ ìwé nípa Hasan jáde ní ọdún 2006, ṣe ohun tí ó yẹ kí a fi kọ́gbọ́n. Òun náà méfò nípa ohun tí Hasan kò sọ, títí kan ọ̀rọ̀ aya. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tí ó bá ń méfò, ó fi "bóyá" síwájú rẹ̀. "Bóyá" yẹn ni ilẹ̀kùn tí a kàn. Ìtàn-àròsọ kò lè máa wí "bóyá" ní orí gbogbo gbólóhùn, yóò kú. Ṣùgbọ́n ó lè sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ní iwájú ìwé tàbí ní ẹ̀yìn rẹ̀, kí olùkàwé lè mọ ohun tí ó rà.

Bí mo bá dúró síbí, ẹnìkan lè rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Kò tíì parí, nítorí ìwà àìṣòdodo kan wà tí ó jinlẹ̀ ju èyí lọ. Nínú ìwé rẹ̀, Hasan kọ̀wé nípa ọjà Gao, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹrú ní ọjọ́ ọjà. Ó sọ iye owó wọn: ọmọ ọdún 15, nǹkan bí owó wúrà dúkátì 6, ó ní wọ́n ń ta àwọn ọmọdé pẹ̀lú. Ó ti kọ èyí tán kí ó tó tẹ̀ síwájú sí ọ̀rọ̀ mìíràn. Ọkùnrin tí wọ́n mú lórí òkun, tí wọ́n fi tọrẹ bí ẹni fi àgbò tọrẹ, ni ó mú kálámù tí ó kọ iye owó ọmọ ẹlòmíràn sílẹ̀ láìmí kanlẹ̀. Ó tún kọ ọ́ pé kí àwọn oníṣòwò Mùsùlùmí tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn dúdú, bí ẹranko ni wọ́n ń gbé. Ẹni tí a ti kàn lábùkù náà mọ bí a ti í kan ẹlòmíràn.

Kì í sì í ṣe òun nìkan. Ní nǹkan bí ogún ọdún kí ó tó parí ìwé tirẹ̀, ọmọ Potogí kan tí ń jẹ́ Duarte Pacheco Pereira kọ ìwé tí ó pè ní Esmeraldo de Situ Orbis, láàárín ọdún 1505 sí 1508. Ibẹ̀ ni ó ti dárúkọ Ìjẹ̀bú, ìlú ńlá tí yàrà ńlá yí ká, tí ó sì pe ọba wọn ní orúkọ tí ó jọ Awùjalẹ̀. Inú wa a máa dùn sí ojú ewé yìí, nítorí pé ó fi hàn pé ìlú wa ti wà, ó sì ti lọ́lá, kí òyìnbó tó mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ṣùgbọ́n gbólóhùn tí ó tẹ̀ lé e ni a kì í kà sókè: pé ọjà tí a lè rà níbẹ̀ ni ẹrú, ẹ̀gbà ọwọ́ idẹ 12 tàbí 15 fún ẹnìkan, àti eyín erin díẹ̀. Akéwì ilẹ̀ Potogí, Camões, sọ Pacheco di akọni nínú ewì ńlá tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1572, nítorí ogun tí ó jà ní ilẹ̀ Íńdíà àti nítorí bí ọba rẹ̀ ṣe ṣe aláìmoore sí i. Omijé wà nínú ewì náà fún Pacheco. Kò sí ọ̀kan fún àwọn tí ó fi ẹ̀gbà ọwọ́ díye lé.

Ibí ni mo ti wá rí i pé ìbéèrè tí mo fi bẹ̀rẹ̀ kò tíì tó. Mo béèrè bóyá a ń fi ọ̀rọ̀ sí òkú arìnrìn-àjò lẹ́nu. Ṣùgbọ́n arìnrìn-àjò ni ẹni tí ó ní ẹnu jù nínú gbogbo wọn! Ó kọ̀wé, wọ́n tẹ ìwé rẹ̀, wọ́n ya àwòrán ayé láti inú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Nígbà tí òǹkọ̀wé bá tún jókòó láti fún un ní ẹnu kejì, ẹni tí ó ti jẹun yó ni ó tún ń bu oúnjẹ fún. Àwọn tí ó dákẹ́ ní tòótọ́ ni àwọn tí ó kọjá lára wọn: ọmọ ọdún 15 ní ọjà Gao, ẹni tí wọ́n gba ẹ̀gbà ọwọ́ 12 lórí rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú. Bí wọ́n bá tilẹ̀ rí àyè nínú ìtàn-àròsọ, bí Hiba ni wọ́n ṣe máa ń rí i: ẹwà tí ó tu akọni nínú lójú ọ̀nà.

Ṣé a lè sọ pé àwọn wọ̀nyí kò ní ohun tí wọ́n lè sọ ni? Àjàyí Crowther dá wa lóhùn. Wọ́n mú un ní Òṣogùn ní ọdún 1821, ó sì kọ lẹ́tà kan ní ọdún 1837 tí ó fi sọ bí ó ti rí: okùn ní ọrùn, ìyá àti àbúrò tí wọ́n jọ so mọ́ra, ìpínyà lẹ́yìn ìpínyà. Ní ọdún 1841, ọkùnrin kan náà wọ ọkọ̀ pẹ̀lú àwọn tí ó ń lọ wo odò Ọya, ó sì kọ ìwé ìrìnàjò tirẹ̀. Ẹni tí wọ́n kà lórí àtẹ ọjà rí ni ó wá di arìnrìn-àjò tí ń ka àwọn ìlú. Bí a bá fi lẹ́tà yẹn sí ẹ̀gbẹ́ ojú ewé tí Hasan ti kọ iye owó ẹrú, a óò mọ bí ohun tí arìnrìn-àjò kò rí ti pọ̀ tó. Kò rí i, nítorí pé kò bi wọ́n léèrè.

Ẹnìkan lè takò mí pé bí mo bá fẹ́ kí òǹkọ̀wé sọ̀rọ̀ fún ọmọ ọjà Gao, èmi náà ń ní kí ó fi ọ̀rọ̀ sí òkú lẹ́nu, òkú tí a kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n méjèèjì kò dọ́gba. Ẹni tí ó fi ọ̀rọ̀ kún ọ̀rọ̀ alágbára lè bo ẹ̀rí mọ́lẹ̀. Ẹni tí ó fi ọ̀rọ̀ sí ibi tí wọ́n ti gba ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹni, ó ń ṣí ibi tí wọ́n ti bò ni. Òun náà lè ṣìnà. Kí ó kan ilẹ̀kùn bí àwọn yòókù. Ohun tí mo ń tọrọ ni pé kí a má ṣe máa pe ìrìnàjò ní ìrìnàjò ẹnìkan ṣoṣo.

Mo tún padà sí ọ̀dọ̀ Ogbó. Ìtàn àdá tí ó mọ ọ̀nà dùn, a sì ní láti máa sọ ọ́ fún àwọn ọmọ wa ní Ọ̀rà, ní Ìlá àti ní Òkè-Ìlá. Ṣùgbọ́n láti ọwọ́ tí ó mú àdá ni a ti ń sọ ọ́. Àwọn wo ni ó ń rù ẹrù lẹ́yìn Ajagunńlá? Ta ni ó ti wà nínú igbó náà kí àdá tó dé? Bí ọmọ ilé-ìwé kan ní Ọ̀rà bá fẹ́ kọ ìtàn-àròsọ nípa ìrìnàjò yẹn lọ́la, n kò ní dá a dúró. N óò sọ fún un pé kí ó kọ́kọ́ lọ jókòó ti àwọn àgbà ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ó má ṣe gbọ́ ti ẹnìkan dá. Kí ó jẹ́ kí a mọ ibi tí ó ti fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kún ti wọn. Kí ó sì rántí aláàárù tí ó wà lẹ́yìn, kí ó bi í léèrè ohun tí ó rí lójú ọ̀nà.